Sáfà JavaScript tí kò ní config: mo kàn fẹ́ dán iṣẹ́ wò ni

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Akọka ni mò ń gbé, mo ti ń kọ́ JavaScript fún bí oṣù 7, mo wá rí oníbàárà àkọ́kọ́, ìyá kan tó ń ta léèsì ní Ìdúmọ̀tà. Wọ́n fẹ́ ojú ewé kékeré kan tí èèyàn á ti yan irú léèsì, á tẹ iye yáàdì tó fẹ́, á sì rí iye owó ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ Jímọ̀ kí àwọn fi fóònù àwọn wò ó ká tó sọ̀rọ̀ owó. Gbogbo ẹ̀ ò ju HTML 1 àti fáìlì JavaScript 2 lọ. Mo wá wo fídíò kan, ẹni yẹn ní kí n gbé webpack sílẹ̀ (irinṣẹ́ tó ń kó fáìlì JavaScript jọ), kí n gbé Babel (tó ń sọ JavaScript tuntun di ti àtijọ́), kí n kọ fáìlì config (ètò tó ń sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa ṣiṣẹ́) báyìí báyìí, ọjọ́ 2 ti lọ mi ò tíì kọ ìlà kan tó kan léèsì. Tí mo bá sì tẹ index.html lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí, ó ń ṣí lóòótọ́ àmọ́ kò sí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́, ó kàn ń kọ pupa nípa CORS nínú console, ibi tí bíráúsà ń kọ àṣìṣe sí. Wọ́n ní Vite, wọ́n ní Live Server, wọ́n ní Python. Èwo gan-an? Ṣé kò sí sáfà téèyàn kàn máa tàn kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni?

* * *

Ká ti ibi CORS yẹn mú un, ìyẹn òfin bíráúsà lórí ibi tí fáìlì lè ti wá, torí òun ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn, kóòdù ẹ ò sì ṣẹ̀ rárá. Wo òkè bíráúsà nígbà tó o bá tẹ fáìlì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, file:// ni àdírẹ́sì ẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe http://. Mo mọ̀ pé o ti kọ type="module" sínú HTML ẹ torí o fẹ́ fi import pe fáìlì kejì. Bíráúsà kì í sì í gba module (fáìlì JavaScript tó lè fi import pe òmíì) wọlé láìbéèrè ibi tó ti wá. Fáìlì tó ti orí dísìkì wá báyẹn ò ní orírun tó lè dárúkọ, null ni bíráúsà ń pè é. Àlejò tí wọ́n bi lẹ́nubodè pé ọmọ ìlú ibo ni ọ́ tó bá dákẹ́, wọ́n á dá a padà ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ nìyẹn.

Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mi ò fi ní bá àwọn tó ń sọ pé "ṣáà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á ṣiṣẹ́" jà. Tó bá jẹ́ script lásán ni, tí kò sí import, tí kò sí fetch (àṣẹ tó ń lọ gbé fáìlì tàbí dátà wá), á ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tó o bá kó iye owó léèsì sínú fáìlì JSON kan (fáìlì dátà lásán) tó o sì fẹ́ fi fetch kà á, ògiri yẹn náà lo máa tún fi orí gbá.

Nítorí náà o nílò sáfà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí sáfà ń ṣe fún ẹ níbí kéré gan-an: bíráúsà á ní òun fẹ́ fáìlì báyìí, sáfà á gbé e fún un, á sì sọ pé HTML nìyí, JavaScript nìyí. Kò sí webpack níbẹ̀, kò sí Babel níbẹ̀. Bíráúsà tó wà lórí fóònù ìyá yẹn mọ import fúnra ẹ̀, ó ti pẹ́.

* * *

Àwọn tó ní Python níbí pọ̀, ẹjọ́ wọn sì dáa. Bí Python bá ti wà lórí ẹ̀rọ ẹ, kò sí nǹkan kan tó o fẹ́ gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, kódà kí dátà ẹ ti tán láti àná. Wọ inú fódà iṣẹ́ náà, kọ:

python3 -m http.server 8000 --bind 127.0.0.1

kó o wá ṣí http://localhost:8000. 8000 yẹn ni póòtù, nọ́ńbà ilẹ̀kùn tí sáfà ti ń dáhùn. Lórí Windows ó lè jẹ́ py ló máa gbọ́ dípò python3. Ẹni tó bá ní PHP náà lè kọ php -S localhost:8000, iṣẹ́ kan náà ni.

Ẹ rí i pé mo fi --bind kún un, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní sọ ọ́ fún yín. Láìsí i, Python máa ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn ni. Mo jókòó sí hub kan (ibi tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti jọ ń ṣiṣẹ́) ní Yába nígbà kan, mo tan án báyẹn nínú fódà tí iṣẹ́ oníbàárà mi wà, mo bá iṣẹ́ lọ. Ọmọkùnrin kan dìde láti tábìlì kejì, ó rọra wá bá mi, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, mò ń rí gbogbo fáìlì yín o." Ó gbé fóònù ẹ̀ fún mi, mo wò ó, .env tí a ń kó àṣírí sí wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ API oníbàárà sì wà nínú ẹ̀ gbangba. Àyà mi já. Mo pe oníbàárà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jẹ́wọ́ fún wọn, a pààrọ̀ gbogbo kọ́kọ́rọ́ náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọlọ́run ló ní kó jẹ́ ọmọ gidi ló rí i. Láti ìgbà yẹn, ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, --bind ni mo kọ́kọ́ ń kọ́ ọ.

Ìyọnu míì tí Python ní jẹ́ tàwọn ará Windows. Ó máa ń lọ wo inú registry, ibi tí Windows ń kó ètò ẹ̀ sí, kó tó sọ irú fáìlì tí .js jẹ́, bí ètò kan tó o ti gbé sórí ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ bá ti yí i sí text/plain níbẹ̀, bíráúsà á kọ module ẹ, á ní MIME type ẹ̀ (irú fáìlì tí sáfà sọ pé ó jẹ́) ò bá a mu, èèyàn á wá máa wá àṣìṣe nínú kóòdù tí kò ṣe nǹkan kan fún un. Yàtọ̀ síyẹn, kì í sọ fún bíráúsà pé o ti yí nǹkan padà, ìwọ lo máa máa tẹ refresh. Fún iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10 kò burú. Fún iṣẹ́ tó máa gbé ẹ dé ọjọ́ Jímọ̀, á sú ẹ.

* * *

Live Server inú VS Code, póòtù 5500. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ẹ̀ torí kò ní wàhálà: o gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, o tẹ Go Live nísàlẹ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́, tó o bá ti save, ojú ewé á yí. Fún nǹkan tó o ṣàlàyé yìí, HTML 1 àti JavaScript 2, ó tó. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, ó tó.

Ibi tí kò ní tó mọ́ ni ọjọ́ tó o bá fẹ́ lo nǹkan tó wá láti npm, ibi tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù sí kí ẹlòmíì lè gbà á lò. Tó o bá kọ import pẹ̀lú orúkọ lásán, bí import dayjs from 'dayjs', bíráúsà á ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí kò sí ./ tàbí / níwájú ẹ̀. Live Server ò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, Python ò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́. Ẹnubodè tí Vite ti ń wọlé nìyẹn, sáfà ìdánwò tó mọ bó ṣe máa wá nǹkan npm fún bíráúsà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan ti kọ ọ́ pé zero config, ìyẹn irinṣẹ́ tí kò béèrè config, ló ń ba àwọn ọmọ tuntun jẹ́, pé kí wọ́n kọ́ webpack dé ìdí kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ télọ̀, ẹ kì í ní kó kọ́kọ́ tú ẹ̀rọ ìránṣọ palẹ̀ kó tó rán ìlà kan tó gún. Ọmọ yìí ti lo ọjọ́ 2 lórí config, oníbàárà ń dúró, kò sì tíì mọ̀ bóyá nǹkan tó fẹ́ ṣe yẹn ni ìyá yẹn fẹ́. Ìdí téèyàn fi ń dán iṣẹ́ wò ni pé kó tètè mọ̀.

Kì í sì í ṣe àṣà tuntun. Ẹni tó bá ti wà nídìí iṣẹ́ yìí látayé Browserify, irinṣẹ́ àtijọ́ tó ń kó JavaScript jọ, á rántí sáfà budo tí Matt DesLauriers ṣe, o kàn máa kọ budo index.js --live ni, á dáhùn ní póòtù 9966, kódà tó ò bá kọ HTML rárá òun á fún ẹ ní ọ̀kan. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an nígbà yẹn. Nígbà tó di December 2017 ni Devon Govett gbé Parcel, irinṣẹ́ bíi webpack, jáde, ìyẹn ní kó o ṣáà nawọ́ sí index.html kó o máa lọ. Oṣù 2 péré lẹ́yìn ẹ̀, February 2018, webpack 4 náà jáde pé èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ láì kọ config. Evan You tó ṣe Vue, ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ́ ojú ewé, wá gbé Vite dé ní 2020.

Ibi tọ́rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ti wọlé ni pé config wà o, ẹlòmíì ló kàn bá ẹ yàn án. Vite ti yàn án pé póòtù 5173 lòun máa lò, pé index.html gbọ́dọ̀ wà ní ojú fódà iṣẹ́ gan-an, kì í ṣe inú fódà míì nínú ẹ̀, pé àwòrán àti nǹkan tí kò fẹ́ ká fọwọ́ kàn á wà ní fódà public. Tó o bá kọ TypeScript, ìyẹn JavaScript tí wọ́n kọ type (irú ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan jẹ́) sí, á kàn gé àwọn type kúrò ni, kò ní yẹ̀ wọ́n wò fún ẹ, ìyẹn ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, wọ́n á rò pé torí ó ṣiṣẹ́ ó tọ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ti bá a yàn. Àmọ́ kò dìgbà tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ yàn án kó tó mọ̀ ọ́n.

Àbúrò, tìẹ rèé: nínú fódà tí index.html wà, kọ npx vite. npx bá Node wá, òun ló ń tan irinṣẹ́ tó wà ní npm. Kò sí fáìlì config kankan. Kọ́kọ́ wo node -v ná (Node ló ń jẹ́ kí JavaScript ṣiṣẹ́ láìsí bíráúsà), pàápàá tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù àlòkù tó o rà ní Computer Village ni, Vite 7 ò gbà kó kéré sí Node 20.19.

Ìdí tó fi yá ni pé kì í kó gbogbo kóòdù ẹ pọ̀ kó tó tan. Bíráúsà bá ti béèrè fáìlì kan, òun náà á fún un ní ọ̀kan yẹn. Àwọn nǹkan tó wá láti npm nìkan ló máa ń dì jọ ṣáájú, ọjọ́ pípẹ́ ló sì fi jẹ́ esbuild tí Evan Wallace fi èdè Go kọ ló ń bá a dì í.

* * *

Mo rí ẹni tó sọ pé tó o bá lo Vite ojú ewé ẹ ò ní refresh mọ́ láéláé. Rárá o. Ti CSS, bẹ́ẹ̀ ni, á pààrọ̀ àwọ̀ lójú ẹ láì refresh, Live Server náà sì ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n JavaScript lásán, tí kò sí plugin React tàbí Vue tàbí Svelte níbẹ̀, tó ò sì fọwọ́ ara ẹ kọ import.meta.hot (kóòdù tó ń jẹ́ kí fáìlì yí láì refresh), gbogbo ojú ewé ló máa refresh, yáàdì 5 tó o tẹ á sì pòórá, wàá tún un tẹ̀.

Nǹkan tí mo máa ń ṣe sí i ni pé mo máa ń fi ohun tí èèyàn yàn sínú àdírẹ́sì, bí ?leesi=3&yaadi=5, tí ojú ewé bá ṣí, kóòdù á kà á látibẹ̀. Bó ṣe wù kó refresh tó, ohun tó o tẹ ò lọ. Ìyá náà á sì lè fi link yẹn ránṣẹ́ sí oníbàárà wọn lórí WhatsApp, á ṣí pẹ̀lú iye tí wọ́n jọ sọ. Nǹkan tí mo ṣe torí ìrọ̀rùn ara mi ló di ohun tí oníbàárà fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ mi kan.

* * *

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti gbọ́ mi dáadáa nìyí, ọ̀rọ̀ dátà àti iná. Àwọn tó ń kọ ẹ̀kọ́ yìí lókè òkun ò ní sọ ọ́ torí kò kàn wọ́n. Bí Vite ò bá sí nínú fódà ẹ, npx á lọ gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Tó o bá wá ń ṣí fódà tuntun fún gbogbo nǹkan tó o bá fẹ́ dán wò, tó o sì ń kọ npm create vite@latest nígbà gbogbo, npm máa ń tọ́jú ohun tó ti gbà, àmọ́ á tún máa lọ béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá tuntun ti dé, dátà ẹ ló ń lọ yẹn.

Èmi ní fódà kan tí mo pè ní ìpìlẹ̀. Vite wà nínú ẹ̀, index.html wà nínú ẹ̀, fáìlì JavaScript kan tí kò ní nǹkan kan nínú. Tí nǹkan tuntun bá dé mo máa ṣe ẹ̀dà ẹ̀, ó tán, mo lè wà nínú dánfó lórí Third Mainland kí n máa kọ kóòdù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ì báà lọ. pnpm, tó ń ṣe irú iṣẹ́ npm, tiẹ̀ dáa jù fún èyí torí ibì kan ṣoṣo ló ń kó gbogbo nǹkan tó bá gbà sí, fódà 20 lè máa lo ẹ̀dà kan, kò ní tún un gbà, kò sì ní gba àyè dísìkì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fẹ́ dúró sí npm, kó máa fi --prefer-offline kún install, kó lè kọ́kọ́ lo ohun tó ti wà nílẹ̀.

Àwọn tó ní kéèyàn máa fi link CDN (sáfà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń pín kóòdù npm) pe gbogbo nǹkan, bí esm.sh tàbí unpkg, mo gbọ́ yín, kò sí install, ó mọ́ níwọ̀n. Láti March 2023 tí Safari 16.4 ti gba import map (àkọsílẹ̀ tó ń sọ fún bíráúsà ibi tí orúkọ bíi dayjs wà), gbogbo bíráúsà ńlá ló ti gbà á, kò sí ìjà níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi lọ sí Ìdúmọ̀tà lọ́sàn-án Jímọ̀, kẹ́ ẹ wọ àárín pláásà yẹn dé àjà kejì, kẹ́ ẹ wo bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń rí. Ojú ewé tó ń dúró de CDN níbẹ̀, funfun ló máa wà lójú oníbàárà. Tó o bá fẹ́ ọ̀nà yẹn, gba fáìlì náà sílẹ̀ sínú fódà ẹ. htm, tó ń jẹ́ kéèyàn kọ ohun tó jọ HTML sínú JavaScript, ní ọ̀kan tó ń jẹ́ standalone.module.js, Preact (ohun èlò bíi React tó kéré) ti wà nínú ẹ̀, fáìlì 1 péré, wàá fi ./ pè é, Live Server gan-an á sì gbé e.

Ní ti iná: save nígbà gbogbo, jàre. Bí láptọ́ọ̀pù bá kú, sáfà á kú pẹ̀lú ẹ̀, kò sí nǹkan tó bàjẹ́, wàá tún un tàn ni. Kóòdù tó ò save ló lọ.

* * *

Àbúrò wa tún padà wá:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Mo ti gbé Vite, ó ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù. Mo wá kọ localhost:5173 sórí fóònù mi, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Wi-Fi kan náà ni àwọn méjèèjì wà o."

localhost ni "ara mi". Tí fóònù bá ní localhost, ara ẹ̀ ló ń pè, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù ẹ. Pa á, kọ npx vite --host, á wá kọ àdírẹ́sì kejì sílẹ̀ níwájú Network, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí 192.168. Ìyẹn gan-an ni kó o tẹ̀ sórí fóònù, pẹ̀lú :5173 nídìí ẹ̀.

Tí kò bá tíì ṣí, wo ohun 2. Windows lè ti ka Wi-Fi yẹn sí Public, firewall ẹ̀ á sì ti ilẹ̀kùn, yí i sí Private tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tìẹ. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ Wi-Fi hub ni wọ́n ti ṣe é pé ẹ̀rọ kan ò gbọ́dọ̀ rí ìkejì, kò sí ohun tó o lè kọ sínú Vite tó máa yí ìyẹn padà. Fi ibẹ̀ sílẹ̀, tan hotspot lórí fóònù ẹ, kó o so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Ohun tó o máa ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ náà nìyẹn: fóònù ìyá yẹn á wọ hotspot ẹ, wọ́n á ṣí àdírẹ́sì yẹn. Láti láptọ́ọ̀pù ẹ sí fóònù wọn ni ojú ewé ń rìn, kò gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í jẹ dátà.

Mú wáyà USB dání pẹ̀lú. Tí hotspot bá ṣe wèrè, tó o sì ti ní adb (irinṣẹ́ tí láptọ́ọ̀pù fi ń bá fóònù Android sọ̀rọ̀) lórí láptọ́ọ̀pù, so fóònù Android tìẹ mọ́ ọn kó o kọ adb reverse tcp:5173 tcp:5173, localhost:5173 á wá ṣí lórí fóònù yẹn gan-an. Ó tún wúlò lọ́jọ́ tí oníbàárà bá fẹ́ kámẹ́rà, torí bíráúsà kì í jẹ́ kí ojú ewé http lórí 192.168 fọwọ́ kan kámẹ́rà, àmọ́ ó máa ń gbà fún localhost.

* * *

Wọ́n ní kí ló dé tí kò kàn gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó fi link ránṣẹ́. Ó lè ṣe é, lẹ́yìn tí ìyá bá ti rí i tí wọ́n sì ti sọ tẹnu wọn. Kó kọ npx vite build, ohun tó bá wà nínú fódà dist ni kó gbé lọ. Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ ni pé ẹnì kan gbé sáfà ìdánwò yìí fúnra ẹ̀ síta fún gbogbo ayé. Ní March 2025 wọ́n rí ihò kan nínú Vite tó jẹ́ kí ẹni tó wà níta lè ka fáìlì tí kò yẹ kó kà, lára ẹ̀rọ tó bá ti lo --host. Wọ́n ti dí i, ẹ rí i dájú pé tiyín kì í ṣe ti àtijọ́, ẹ sì máa pa á tẹ́ ẹ bá ti fi oníbàárà hàn tán.

Kó o tó gbé e lọ, yẹ orúkọ fáìlì wò. Windows ò mọ ìyàtọ̀ láàárín Leesi.js àti leesi.js, Linux tó wà lórí sáfà gidi mọ̀ ọ́n.

* * *

Jímọ̀, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti dé láti Ìdúmọ̀tà. Hotspot ló gbà mí. Ìyá ní àwọn kì í gé yáàdì 1 fún èèyàn, yáàdì 5 5 làwọn ń tà, mo yí i níbẹ̀ lórí káńtà wọn, mo save, ó yí lójú wọn lórí fóònù. Wọ́n pe ọmọ wọn kó wá wò ó. Wọ́n wá ní kí n fi àwòrán léèsì 40 sí i."

O ò rí i pé inú mi dùn! Ọ̀rọ̀ yáàdì 5 yẹn, o ì bá lo oṣù kan nídìí webpack, o ò ní mọ̀ ọ́n.

Ti àwòrán: má gbé e bó ṣe ti orí fóònù bọ́. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 4MB, 40 á jẹ́ 160MB, lórí hotspot ẹ o ò ní mọ̀ ọ́n lára, oníbàárà ìyá tó ń fi dátà ara ẹ̀ wò ó ló máa mọ̀ ọ́n. Dín fífẹ̀ ẹ̀ kù sí bíi píksẹ́lì 800, sọ ọ́ di WebP (irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́), kó o kó wọn sí public/leesi, /leesi/01.webp lo máa fi pè é nínú HTML, má kọ public sí i. Fi loading="lazy" sí gbogbo img, kí àwòrán má wọlé títí èèyàn á fi sún mọ́ ibi tó wà. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 ná, kí wọ́n wò ó bóyá àwọ̀ léèsì ṣì jọ ti inú ṣọ́ọ̀bù, torí aláṣọ á kọ̀ ọ́ tí àwọ̀ bá yàtọ̀. Kó o sì gba àsansílẹ̀ kó o tó ya 35 tó kù.